Aṣọ Inú Itan Ewúrẹ́

Nasilele, tó ń fọ aṣọ yàrá iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn ìlú Mongu, ló kọ́kọ́ sọ èyí fún mi. Àyè ẹnì kan ṣoṣo ló wà láti kọ́ iṣẹ́ abẹ lọ́dún kan, àwọn dókítà kékeré méjì, Mubita àti Inonge, sì ń du ú. Dókítà àgbà, Sitali, ní kí kálukú wọn rán itan ewúrẹ́ kan tí òun ti là. Wọn ò mọ̀ pé ó ti ki ọ̀kan lára aṣọ ìnu-ẹ̀jẹ̀ tí Nasilele kó wá sínú itan kọ̀ọ̀kan.

Ọwọ́ Mubita yá bí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Nasilele ní, "Dókítà, aṣọ yín ò pé o. Mẹ́wàá ni mo kó wá fún yín, mẹ́sàn-án ni mò ń rí."

"Mama, ẹ lọ fọ aṣọ yín jàre!" Mubita sì rán an pa.

Nasilele sọ bẹ́ẹ̀ fún Inonge náà. Inonge tú gbogbo ohun tó ti rán. "Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á." Ó tọwọ́ bọ inú ẹran, ó sì fa aṣọ náà yọ.

Sitali ní, "Inonge ni mo mú."

"Ṣebí èmi ni mo kọ́kọ́ parí, sà!"

"Ìwọ ni. Aláìsàn rẹ náà ló máa kọ́kọ́ padà wá bá wa."

Mubita bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì jáde láìwẹ̀yìn.