Omi Tí Àfáà Fi Fọ Wàláà

Ẹ̀rù ò kọ́kọ́ ba Àfáà Àbdùlgàfárù nígbà tí Haniyyah ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣunú. Ọmọ ọdún mẹ́fà, ìjẹkújẹ wo ni wọn kì í jẹ? Ìgbà tó rí ẹ̀jẹ̀ nínú póò lọ́jọ́ kejì ló tó sáré gbé wàláà rẹ̀.

Hàntú ló sá di, bí bàbá tirẹ̀ ti máa ń ṣe n'Ílọrin. Ó fi tàdáwà dúdú kọ áyà Àlùkùránì sójú wàláà, ó pọn omi nínú kànga ilé, ó fi fọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run náà sínú abọ́, ó gbé e fún ọmọ mu. Omi kànga yẹn mọ́ gaara, gbogbo àdúgbò Soje ló ń yìn ín. Ìgbẹ́ ò dá. Kí wá ni Àfáà ṣe? Ó tún kọ òmíràn. Bí ọmọ ṣe ń rù ni bàbá ń fi kún un, ta ni yóò sì bi í léèrè? Ṣebí òun ni gbogbo àdúgbò ń gbé ọmọ wá bá.

Nígbà tí ojú Haniyyah jìn wọnú, Rodiyah ìyá rẹ̀ ò tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọkọ mọ́. Ó gbé ọmọ pọ̀n, ó wọ kẹ̀kẹ́, ó di ilé ìwòsàn kan ní Dutsen Kura. Àfáà tẹ̀ lé e, ó rọ hàntú sínú ìgò dání. Wọ́n fa omi sí ọmọ lára. Alice, tó ń yẹ ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ wò níbẹ̀, ní kòkòrò ló ń jẹ ìfun rẹ̀. Ó bèèrè omi tí wọ́n ń mu nílé, ó ní kí Àfáà bu díẹ̀ wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó pe Àfáà wọlé, ó ní kó fojú kan awò tí wọ́n fi ń wo kòkòrò. Àfáà bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Nǹkan ń rìn níbẹ̀.

"Ṣé ìgbẹ́ ọmọ mi nìyí?"

"Rárá, Àfáà. Omi kànga yín ni."

Alice bèèrè bóyá ṣáláńgá wà nítòsí. Àfáà rántí èyí tí aládùúgbò gbẹ́ sẹ́yìn ògiri lọ́dún tó kọjá, kò tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí kànga. Alice ní ìgbẹ́ ń gba abẹ́ ilẹ̀ wọnú omi, kí ẹnikẹ́ni má mu ún láìsè.

"Ní ti ọmọ yìí, kò gbọdọ̀ mu ẹ̀kán kan nínú rẹ̀ mọ́, sà. Ìfun rẹ̀ ti fẹ́ lu. Tó bá lu, apá wa ò ní ká a."

Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ò lẹ́bi, Àfáà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló pọn omi? Ìgò hàntú wá sọ sí i lọ́kàn. Àárọ̀ yìí gan-an ló kìlọ̀ fún Rodiyah pé kó fún ọmọ mu, kó má jẹ́ kó ṣẹ́ kù. Kò dágbére. Ó sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàtà kan bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò wẹ̀yìn.

Rodiyah ti sùn lọ lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ. Ìgò wà nílẹ̀. Haniyyah rí bàbá rẹ̀, ó rọra rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ dúdú fún tàdáwà.

"Bàbá," ó ní, "èmi nìkan ni mo mu ún. Mi ò fi nǹkan kan sílẹ̀."