Àgbò Tí Wọ́n Fi Síkàáwọ́ Alápatà

Kò sí bí èèyàn ṣe lè gbọ́n tó, bó bá ti ń sin àgbò tí kò fẹ́ pa, ọgbọ́n rẹ̀ á tán nígbà tí ọdún Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Bó ṣe rí fún Nùréènì nìyẹn, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ike kan ní Ìkẹjà, tó sì ń gbé ní Agége pẹ̀lú Sùlíyá ìyàwó rẹ̀ àti Khàdíjàt ọmọ wọn.

Kò kúkú rà á láti fi sìn. Ọdún méjì sẹ́yìn ló rà á fún Iléyá, tó gbé e sẹ́yìn màrúwá, tí ìkánjú ò sì jẹ́ kó dè é dáadáa. Màrúwá kó sí kòtò, àgbò já bọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan dá. Ẹran tó ń tiro kò ṣeé fi ṣe Iléyá, kò sí Mùsùlùmí tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nùréènì wá òmíràn rà, ó ní bí ẹsẹ̀ èyí bá ti jinná, òun á tà á. Kí ẹsẹ̀ tó jinná, Khàdíjàt ti ń fọwọ́ bọ́ ọ ní èèpo iṣu, ó sì ti sọ ọ́ ní Kúkọ̀yí, bí ẹni ń sọ àbíkú lórúkọ. Ta ló wá fẹ́ ta ẹran tó ti ní orúkọ? Ẹsẹ̀ náà jinná, àmọ́ ó wọ́. Gbogbo ìgbà tí Kúkọ̀yí bá ń tiro kọjá lójúde ni ojú ń ti Nùréènì, torí ó mọ̀ pé ọwọ́ òun ló ti wá.

Lọ́dún yìí, bàbá Nùréènì ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé àárò ọmọ-ọmọ òun ń sọ òun, òun ò sì fẹ́ gbọ́ àwáwí kankan. Ilé iṣẹ́ fún Nùréènì nísinmi ọjọ́ mẹ́rin. Ó délé wá sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀. Khàdíjàt ò tiẹ̀ jẹ́ kó jókòó.

"Bàbá mi, ta ló máa wá dúró ti Kúkọ̀yí?"

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìpàdé. Khàdíjàt ní kí wọ́n gbé e dání. Sùlíyá bú sẹ́rìn-ín. "Ká gbé àgbò wọ Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí Iléyá ku ọ̀la? Kó o tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, bàbá àgbà ẹ á ti dúpẹ́ ẹ̀bùn tán, wọ́n á ti máa pọ́n ọ̀bẹ." Ẹ̀gbọ́n Sùlíyá wà ní Omole, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣọ́ géètì ibẹ̀ ò ní í jẹ́ kí àgùntàn wọlé. Ìyá Jemimah, tí yàrá wọn kọjú síra, kì í ṣe Iléyá ní tiẹ̀, àmọ́ kò tíì dárí ji Kúkọ̀yí láti ìgbà tó ti jẹ ẹ̀fọ́ tó gbìn sínú ike.

"Ó ku Àbdùlgàfár," ni Nùréènì wí.

Alápatà ni Àbdùlgàfár ọ̀rẹ́ rẹ̀, ní Oko Ọba.

"Bàbá Khàdíjàt, ṣé eré lẹ ń ṣe ni?" Sùlíyá bi í. "Ẹran lẹ fẹ́ fi síkàáwọ́ alápatà? Lásìkò Iléyá?"

"Òun nìkan lẹran ti sú ní gbogbo Agége yìí. Ó ní ẹ̀yìnkùlé, ó mọ ìtọ́jú ẹran. Àwa yòókù la máa ń wo àgbò tí itọ́ á máa yọ lẹ́nu wa."

Khàdíjàt kàn ń wo bàbá rẹ̀. Nùréènì ò lè gba ìwò náà. "Wàá bá Kúkọ̀yí láàyè," ó ní. "Bí o ò bá bá a láàyè, má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ mọ́ láyé." Ẹ gbọ́ ohun tí bàbá ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọmọ.

Àbdùlgàfár fi í rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbé ẹran dé. "Nùréènì, fọkàn balẹ̀ jàre. Ṣé mi ò tíì rí ẹran rí ni?" Ó so Kúkọ̀yí mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbò tí òun fúnra rẹ̀ rà fún ọdún. Àgbò alápatà ọ̀hún rù. Kúkọ̀yí ní tiẹ̀ ti fi èèpo iṣu ọdún méjì sanra.

Ohun kan ni kò sí ẹni tó rántí nínú gbogbo wọn: alápatà kì í gbélé lọ́jọ́ Iléyá. Bó bá ti ń kúrò ní yídì, ilé onílé ló ń lọ pẹ̀lú ọ̀bẹ rẹ̀. Àgbò tirẹ̀, ẹni tó bá yà sílé ni yóò bá a dúńbú ẹ̀.

Lọ́sàn-án Iléyá, Nùréènì jókòó ti bàbá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí ohùn Ìyá Mukhtar, ìyàwó Àbdùlgàfár, wọlé sórí wọsáàpù. "Bàbá Khàdíjàt, ẹ kú ọdún o. Àfáà Abdulazeez ti bá wa pa àgbò tó wà lẹ́yìnkùlé. Háà, ó sanra! Mo ti fi itan kan pamọ́ fún yín."

Nùréènì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó sanra. Èwo ló sanra nínú àgbò méjèèjì? Ó pe Ìyá Mukhtar, fóònù ti kú. Ó pe Àbdùlgàfár, ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Lọ́jọ́ kejì, tiwọn méjèèjì ò lọ mọ́.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹran kọ̀, kò gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kọjá. Wọ́n gbé àyà wá, ó ní eyín ń dun òun. Wọ́n gbé ẹ̀dọ̀ wá, eyín ṣì ń dùn ún. Bàbá rẹ̀ mi orí. "Bí ọmọ bá ti pẹ́ ní Èkó, eyín ẹ̀ á máa ṣe bí ti arúgbó." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Nùréènì náà rín tirẹ̀ lẹ́nu lásán.

Èyí tó dùn ún jù ni ti èèpo iṣu. Gbogbo iṣu tí wọ́n bá bẹ fún iyán ni Khàdíjàt ń kó èèpo rẹ̀ sá sóòrùn, tó ń dì í sínú ọ̀rá. "Kúkọ̀yí ò jẹ ti Ògbómọ̀ṣọ́ rí," ló ń wí. Nùréènì á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lọ́jọ́ tí wọ́n padà, wọ́n sọ̀ ní Abúlé Ẹ̀gbá. Nùréènì ní kí ìyá àtọmọ máa lọ sílé, kóun nìkan lọ mú ẹran wá. Khàdíjàt gbá ọ̀rá èèpo mọ́ra, ó ti ṣíwájú. Gbogbo wọn ló forí lé Oko Ọba.

Ní ẹnu ọ̀nà ilé Àbdùlgàfár, Nùréènì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀. "Khàdíjàt, dúró ná. Mo fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀ kan." Ọmọ ti sá kọjá lábẹ́ apá rẹ̀, ó ti dé ẹ̀yìnkùlé. Nùréènì di ojú rẹ̀, ó ń retí igbe.

Ẹran ló ké. Bó ṣe la ojú, Kúkọ̀yí ló ń tiro bọ̀ yẹn, tó ti ki ẹnu bọ ọ̀rá èèpo. Nùréènì jókòó pẹ̀kẹ́ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ débi pé kò rántí pé àgbàlagbà lòun.

"Bàbá mi, kí ló dé?" Khàdíjàt bi í. "Ṣebí ẹ ti ní a máa bá a láàyè."

Ìyá Mukhtar sáré jáde láti ilé ìdáná. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó káwọ́ lérí. "Ẹ forí jì mí! Àgbò tiwa ni mo wí. Rírù tó rù níta nìyẹn o, ọ̀rá kún inú ẹ̀! Iná ti lọ láti ọjọ́ ọdún, fóònù wa méjèèjì ti kú." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Àmọ́ kí n má purọ́, ó kù díẹ̀. Mo ń se ìrẹsì lọ́wọ́ nígbà tí Àfáà dé. Àwọn àgbò méjèèjì dùbúlẹ̀, èyí tó sanra ni Àfáà lọ tú. Ó ti ń fà á lọ kó kọjú rẹ̀ sí gábàsì, ọ̀bẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí ẹran ń rìn ló rí i. Mo gbọ́ tó pariwo pé, 'Èyí ń tiro! Kò yẹ fún Iléyá, ẹ so ó padà!'"

Nùréènì wo ẹsẹ̀ wíwọ́ náà, ẹsẹ̀ tí ìkánjú rẹ̀ dá. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì, ojú ò tì í. Ó fọwọ́ pa á, ó ní, "Alihamudulilai." Ó nu omijé, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò ní ṣòkòtò rẹ̀, ó wá dìde.

"Ìyá Mukhtar, ẹ jọ̀ọ́, itan yẹn dà?"

"Eyín tó ń dùn yín ńkọ́?" Sùlíyá bi í.

"Ó ti san," ni Nùréènì wí, ó sì wá ibi kan jókòó dáadáa.