Ìtọ̀ La Ní Kí Ẹ Yẹ̀ Wò

Aránṣọ ni Sẹ̀gilọlá, ó ní ṣọ́ọ̀bù létí ọ̀nà márosẹ̀ ní Awoyaya. Ọkùnrin ni wọ́n pè é nígbà tí wọ́n bí i, ṣùgbọ́n obìnrin ló mọ ara rẹ̀ sí láti kékeré. Oògùn méjì ló ń lò: ọ̀kan ń fún un ní họ́mòònù obìnrin, èkejì ń tẹ ti ọkùnrin rì. Èkejì yìí máa ń jẹ́ kí ìtọ̀ gbọ̀n ọ́n lemọ́lemọ́.

Àṣírù, tó ń mójú tó àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà níbẹ̀, kò jẹ́ kó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin. Nígbà tó wọ ti ọkùnrin, àwọn kan ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, Sẹ̀gilọlá kì í mu omi títí yóò fi ti ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú gbogbo ooru yẹn. Bí ìtọ̀ bá gbọ̀n ọ́n, á pa á mọ́ra.

Kò pẹ́ tí ìtọ̀ fi ń ta á bí ata. Nígbà tó rí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀rù bà á, ó pe Rẹ̀míláyọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Rẹ̀míláyọ̀ kò fara mọ́ ọ̀nà tí àbúrò rẹ̀ ń tọ̀. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, ó ti gbààwẹ̀ títí lórí ọ̀rọ̀ náà. Síbẹ̀ ó wọ ọkọ̀ kòròpé wá, ó sì mú un lọ sí ọsibítù kan ní Ajah.

Nọ́ọ̀sì béèrè oògùn tó ń lò, Sẹ̀gilọlá sọ ọ́ láìfi bò. Ni nọ́ọ̀sì bá jáde lọ kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò ó bí ẹni wo ìran. Ọ̀kan tilẹ̀ ní kó ká aṣọ sókè káwọn rí i. Dókítà tó wọlé kò béèrè ibi tó ń dùn ún, kò sì gba ìtọ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ó ní kó lọ da oògùn náà nù, kó tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, pé àfọwọ́fà rẹ̀ ló ń jẹ.

Sẹ̀gilọlá doríkodò, ó di ikùn mú. Rẹ̀míláyọ̀ ló dìde.

“Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, èmi náà ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo mọ ibi tí wọ́n ti ń wàásù. Ìtọ̀ la ní kí ẹ yẹ̀ wò. Tó bá jẹ́ ìyá yín ló ń tọ ẹ̀jẹ̀, ṣé ìwàásù lẹ máa ṣe fún un?”

Dókítà ní kí wọ́n jáde. Ní títì, inú ń bí Rẹ̀míláyọ̀. Ó ní ewúrẹ́ pàápàá, bó bá ń ṣàìsàn, wọn kì í kọ́kọ́ bú u kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀.

Wọ́n lọ bá dókítà ọsibítù mìíràn, Ọládipúpọ̀. Òun yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní kíndìnrín rẹ̀ dára, àmọ́ kòkòrò ti wọ àpò ìtọ̀. Ó fún un ní oògùn tó ń pa kòkòrò. Nígbà tó gbọ́ bí Sẹ̀gilọlá ṣe ń fi òùngbẹ pa ara rẹ̀, inú bí i.

“Oògùn yín ń lé ìtọ̀ jáde lóòótọ́,” ló wí. “Ṣùgbọ́n àìmumi àti ìtọ̀ tí ẹ ń pa mọ́ra ló fàyè gba kòkòrò yìí. Ẹ má dá oògùn yín dúró láìbá mi sọ̀rọ̀. Ẹ máa mu omi, ẹ sì máa tọ̀ nígbà tó bá gbọ̀n yín.”

Rẹ̀míláyọ̀ lọ bá Àṣírù lórí ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àṣírù ní àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀bù ló fẹjọ́ sùn. Sìmbíátù tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kangun sí ti Sẹ̀gilọlá ní òun kò fẹjọ́ kankan sùn. Àṣírù kò rí ẹni kan dárúkọ, síbẹ̀ kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ni Rẹ̀míláyọ̀ bá ní kí àbúrò òun gbé máṣíìnì rẹ̀ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé òun.

Ara Sẹ̀gilọlá ti yá. Àwọn oníbàárà kan tẹ̀ lé e, àwọn kan kò wá mọ́. Rẹ̀míláyọ̀ ṣì ń gba àdúrà tirẹ̀ lórí ọ̀nà tí àbúrò rẹ̀ ń tọ̀, àwọn méjèèjì kì í sì í sọ ọ́. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí ọkọ̀ bá gbé Rẹ̀míláyọ̀ kọjá níwájú ọsibítù Ajah yẹn, á yíjú sí ẹni tó jókòó tì í, á ní bí ara ẹni náà kò bá yá, kó má lọ síbẹ̀.