Ìka Tí Símẹ́ńtì Kò Rí Jẹ

Gbogbo ẹni tó bá Bàbá Ó-tọ́ ṣiṣẹ́ rí ló mọ ibi tí orúkọ náà ti wá. Bíríkìlà ni. Bó bá mọ ògiri tán, yóò sún sẹ́yìn, yóò di ojú kan, yóò wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, yóò ní, "Ó tọ́." Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Kódà lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyàwó rẹ̀, ó wo etí sàréè yíká, ó ní, "Ó tọ́," ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Télọ̀ ni ìyàwó náà nígbà ayé rẹ̀. Ó fi kọ̀ǹpútà kan sílẹ̀, èyí tó fi ń gba ohùn àti àwòrán ara rẹ̀ sílẹ̀ bó bá ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní aṣọ gígé. Láti ìgbà tó ti lọ, àràárọ̀ ni Bàbá ń jókòó síwájú rẹ̀ bí ọmọ iṣẹ́ tuntun. Kò di abẹ́rẹ́ mú rí láyé, ṣùgbọ́n bí ẹ bá jí i lójú oorun, yóò sọ bí wọ́n ṣe ń gé ọrùn aṣọ tí kò fi ní hunjọ.

Páswọ̀dù ni wàhálà ibẹ̀. Ìyàwó ló yàn án, orúkọ tó sì máa ń pe ọkọ rẹ̀ bí ilẹ̀kùn yàrá bá ti padé ló fi ṣe é: pẹ́pẹ́yẹmi. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, bàtà àyálò ni Bàbá wọ̀, bàtà náà sì tóbi jù ú lọ, ó ń fẹsẹ̀ palẹ̀ pá, pá, pá bíi pẹ́pẹ́yẹ. Lójú ayé, "ẹ" lobìnrin náà ń lò fún un. Nínú yàrá, pẹ́pẹ́yẹ ni. Ọkùnrin tí àwọn lébìrà ń sá fún kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ irú èyí.

Àmọ́ ìka rẹ̀ nípọn. Bó bá fẹ́ tẹ lẹ́tà kan, méjì ló ń tẹ̀. Bó bá ṣì í lemọ́lemọ́, kọ̀ǹpútà a bínú, a ti ara rẹ̀ pa, a ní kó lọ jókòó ná. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ obìnrin, òṣìṣẹ́ báńkì, wá kí i, ó sì rí i bó ti ń bá ẹ̀rọ wíjọ́.

"Bàbá, ọ̀nà méjì ló wà," ó ní láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ padà. "Ẹ jẹ́ ká fi ìka yín sí i, kó máa fi mọ̀ yín, tàbí kẹ́ ẹ sọ páswọ̀dù náà fún mi, kí n pààrọ̀ rẹ̀ sí kúkúrú."

"Kí n sọ ọ́ fún ta?"

"Fún èmi ọmọ yín."

"Fi ìka sí i."

Bàbá ní kó kọjú sógiri kí òun tó tẹ páswọ̀dù náà. Ọmọbìnrin tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ báńkì lé lọ́wọ́ kọjú sógiri bí ọmọ iléèwé tó ṣẹ̀.

"Bàbá, ògiri yìí dán o."

"Èmi ni mo rẹ́ ẹ. Má wẹ̀yìn."

Nígbà tó ṣí, Bàbá gbé àtàǹpàkò lé ojú dúdú kékeré tí ọmọ rẹ̀ fi hàn án. Kọ̀ǹpútà ní kó gbé e kúrò, kó tún gbé e lé e. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ní kó nu ìka rẹ̀. Ó nù ún. Ẹ̀rọ ní kó tún gbé e.

"Kí ló ń wá?"

"Ìlà orí ìka yín ni. Kò rí i."

"Ìlà wà níbẹ̀."

Ọmọ náà gbé ọwọ́ náà lọ sójú fèrèsé. "Símẹ́ńtì ti jẹ ẹ́ tán, Bàbá. Ọwọ́ yín dán ju ògiri yín lọ."

Onígbàjámọ̀ tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ fèrèsé náà yọjú. Ọ̀rẹ́ Bàbá ni láti kékeré. "Ó-tọ́, wọ́n ní ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́ léèyàn?"

"Lọ fá orí."

"Orí ò tíì dé. Jẹ́ kí n fi ìka tèmi sí i. Bó o bá fẹ́ ṣí i, kó o kàn ké sí mi."

"Ìwọ tó o sọ fún gbogbo àdúgbò pé mò ń kun irun."

"Ṣé irọ́ ni?"

Bàbá gbé ìka tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò síbẹ̀. Wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n fi òróró pa á, wọ́n nù ún gbẹ. Ìka kan dé, ìka kan lọ. Onígbàjámọ̀ ní kó bọ́ bàtà, kí wọ́n dán tẹsẹ̀ wò. Bàbá wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ya ọmọ rẹ̀ lẹ́nu pé ó jọ bí ẹni tó ń rò ó.

"Ẹ sọ páswọ̀dù náà fún mi, Bàbá," ọmọ náà sọ jẹ́jẹ́. "Màmá mi ló ṣe é. Kí ló wà níbẹ̀ tí mi ò gbọdọ̀ gbọ́?"

Bàbá wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ku ọmọńdinrín. Ìyàwó rẹ̀ kì í yéé fi ìka yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, torí bí Bàbá bá gbé búlọ́ọ̀kù, ìka náà a nà síta gbọọrọ; bó bá gbé ife, a nà síta. "Ọ̀lẹ wà láàárín àwọn ìka rẹ," obìnrin náà á ní. "Ó ń wo àwọn tó kù níṣẹ́."

Bàbá gbé ọ̀lẹ náà lé e.

"Ó gbà á," ọmọ rẹ̀ ní. "Ẹ tún gbé e. Ó gbà á, Bàbá."

Onígbàjámọ̀ mi orí. "Èyí tí kò ṣiṣẹ́ rí ni wọ́n wá mọ̀. Ayé mà rèé." Oníbàárà kan dé, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọmọ náà wọ yàrá lọ di ẹrù. Bàbá wọ̀tún, ó wòsì. Kò tíì gbọ́ ẹ̀kọ́ tòní. Ó ṣí ẹ̀kọ́ ọrùn aṣọ, èyí tó fẹ́ràn jù, nítorí láàárín rẹ̀ lòun fúnra rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ wọlé dé, tí ìyàwó sì gbàgbé pé ẹ̀rọ ń gba ohùn òun sílẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó débẹ̀ nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ó pa kọ̀ǹpútà dé gbà.

"Ẹ jẹ́ ká dán an wò kí n tó lọ."

"Ó tọ́."

"Bàbá, ṣé ẹ máa ń sọ pé ògiri tọ́ láì wò ó?"

Ọ̀rọ̀ yìí dé ibi tí kò ti lè sá. Ó ṣí i, ó gbé ọmọńdinrín lé e.

Kọ̀ǹpútà dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohùn obìnrin gba gbogbo ilé: "…ẹ má fa aṣọ náà. Ẹ rọra jẹ́ kí àlùmọ́gàjí máa tẹ̀ lé ìlà… Pẹ́pẹ́yẹ mi, o ti dé? Wo bàtà rẹ lórí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Wá jókòó tì mí."

Bàbá ń wá ibi tí wọ́n ti ń pa á. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kò rí i.

"Ẹ má pa á," ọmọ rẹ̀ ní. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ti di ẹ̀yìn àga mú, ó tẹjú mọ́ ìyá rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Bàbá wò ó, ó sì gbé ọwọ́ kúrò. Ó fi ẹsẹ̀ fa àga kejì sún mọ́ tirẹ̀.

Onígbàjámọ̀ yọrí lójú fèrèsé, abẹ ní ọwọ́ rẹ̀. "Ta ló ń pe pẹ́pẹ́yẹ?"

"Ìyàwó mi ni," Bàbá Ó-tọ́ ní. "Èmi ló ń pè."