Koríko Àgbá Mẹ́wàá

Ẹni tí kò bá tíì fẹsẹ̀ tẹ koríko mọ́ inú àgbá rí, kó má sọ fún mi pé òun mọ ohun tó ń jẹ́ iṣẹ́. Oníwàrà mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́rin gbáko ló ti ń ṣe é, láti ọdún tí ẹ̀ẹ̀rùn fẹ́ pa màlúù rẹ̀ méjèèjì, tí egungun ìhà wọn yọ síta débi pé Bírikìlà, ọkọ rẹ̀, ń ṣẹ̀fẹ̀ pé èèyàn lè sá aṣọ sí wọn lára. Ẹ̀fẹ̀ náà ò pa Oníwàrà lẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ló pinnu pé ẹ̀ẹ̀rùn ò ní bá òun lọ́wọ́ òfo mọ́.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Kí koríko tó yọ òdòdó, nígbà tó ṣì tutù yọ̀yọ̀, ni yóò ti gé e. Á sá a sóòrùn láti àárọ̀ di ọ̀sán kó lè rọ díẹ̀, á wá gé e wẹ́wẹ́. Á bù ú kún ọwọ́, á fún un: tí omi bá ń ro, ó ṣì tutù jù, tó bá fọ́n ká lójú ẹsẹ̀, ó ti gbẹ jù. Lẹ́yìn náà ni yóò wọ́n omi ṣúgà dúdú sí i, tí á tẹ́ ọ̀rá ńlá sínú àgbá, tí á máa da koríko sí i díẹ̀díẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ á sì bọ́ sínú àgbá láti tẹ̀ ẹ́. Ibi ìtẹ̀ yẹn gan-an niṣẹ́ wà. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá. Tí afẹ́fẹ́ bá ráyè wọ ibẹ̀, koríko á gbóná, á dúdú, á bu. Tí kò bá ráyè, koríko á kan díẹ̀, á máa ta sánsán, á sì lè wà bẹ́ẹ̀ títí òjò mìíràn. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ti dì í, ẹ má ṣí i. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ṣí i ni kẹ́ ẹ ti máa bọ́ ẹran níbẹ̀ lójoojúmọ́ títí tó fi máa tán.

Ẹni méjì ló ń tẹ koríko náà: Oníwàrà àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àǹtí Télọ̀, ọmọ ìyá kan náà. Ọgbà lásán ló pààlà ilé wọn. Àǹtí Télọ̀ náà ní màlúù méjì tirẹ̀, ó sì ń ránṣọ fún gbogbo àdúgbò. Òun ló tọ́ Oníwàrà dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Òun ló ń di irun fún un, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fún wàrà. Tí àwọn méjèèjì bá ti bọ́ sínú àgbá, tí wọ́n ká aṣọ dé orúnkún, ẹ̀rín wọn á gba gbogbo àgbàlá kan.

"Tẹ̀ ẹ́ dáadáa jàre! Àbí ẹsẹ̀ òwú lo ní ni?"

"Ẹ gbọ́ ẹnu Àǹtí mi! Ẹni tó fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìẹ ló ń pe èèyàn lẹ́lẹ́sẹ̀ òwú!"

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àgbá mẹ́wàá ni wọ́n tẹ̀. Wọn ò tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó nídìí. Ìyàwó lóyún. Ìyàwó ni wọ́n ń pe màlúù kékeré inú méjèèjì, torí pé jẹ́jẹ́ ló ń rìn, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé ọkọ. Oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn, àárín gbùngbùn ẹ̀ẹ̀rùn ló sì máa bí. Èkejì, Ìyá Àgbà, ti darúgbó, wàrà rẹ̀ ń gbẹ lọ. Tí Ìyàwó bá bí láyọ̀, wàrà ò ní wọ́n nílé náà fún ọdún mélòó kan. Tí kò bá bí láyọ̀, Oníwàrà á kàn máa jẹ́ Oníwàrà lẹ́nu ni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n di èyí tó kẹ́yìn, Oníwàrà nu ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé méjì níbẹ̀. Ẹ̀yin náà tẹ̀ ẹ́."

"Kí n fi ṣe kí ni? Koríko gbígbẹ tèmi kún àká dé òrùlé."

"Ẹ̀bùn ni, Àǹtí mi."

"Mo ti gbọ́. Mo dúpẹ́. Gbé e síbẹ̀ o jàre, mi ò tíì di ẹni tí àbúrò ń bá bọ́ ẹran."

Oníwàrà rò pé ìwà àgbà ni. Nígbà tí Bírikìlà ti ibi iṣẹ́ dé lópin ọ̀sẹ̀, ó tiẹ̀ tún ń fi yangàn fún un pé, "Ṣé ẹ rí ẹ̀gbọ́n tí Ọlọ́run fún mi?" Háà, ọmọ aráyé!

Abẹ́ àtíbàbà ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n to àgbá náà sí, mẹ́sàn-án lórí ìlà, ìkẹwàá ní igun. Bírikìlà wá kó búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ dí iwájú ìkẹwàá yìí, torí kò ríbi kó o sí. Oníwàrà bá a jà díẹ̀ lórí ìyẹn, ó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Òjò dáwọ́ dúró. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó sì le. Ilẹ̀ sán, koríko ẹ̀bá ọ̀nà di pàǹtí, èyí tó wà létí odò nìkan ló tún pẹ́ díẹ̀ kí àwọn darandaran tó gé e tán. Ọkàn Oníwàrà balẹ̀ ní tirẹ̀. Láràárọ̀ ni Àǹtí Télọ̀ ń yà kí i kó tó jókòó sídìí iṣẹ́.

"Oyún Ìyàwó ńkọ́?"

"Ó ń tì í sókè, Àǹtí mi. Ẹ wo ikùn!"

Lọ́jọ́ tí Oníwàrà fẹ́ ṣí àgbá àkọ́kọ́, ó ké sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ọgbà, torí àwọn méjèèjì ló máa ń ṣí i pọ̀. Àǹtí Télọ̀ ní aṣọ oníbàárà ń bẹ lọ́wọ́ òun. Oníwàrà lọ dá ṣí i. Ó gbé òkúta kúrò lórí ìdérí, ó tú ọrùn ọ̀rá.

Òórùn tó kọ lù ú kì í ṣe òórùn koríko. Funfun ló kọ́kọ́ rí, ó hù bí irun arúgbó. Ó fọwọ́ wa abẹ́ rẹ̀, ó dúdú, ó ń yọ̀, ó sì gbóná. Ó ní bóyá eku ló dá ọ̀rá lu. Ó ṣí èkejì, bákan náà. Ó ṣí ẹ̀kẹta, bákan náà. Nígbà tó fi máa dórí ìkarùn-ún, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sọ pé, "Kí ni mo ṣe? Ibo ni mo ti ṣì í ṣe?" Ẹ dákun, ṣé ẹ gbọ́? Ara rẹ̀ ló ń bá wí.

Ó dìde, ó ṣí ìyókù: mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án ló ti bu. Ìgbà yẹn ló wá ń fara balẹ̀ wò ó. Kò sí àgbá tí koríko inú rẹ̀ ò fi ìgbọ̀nwọ́ kan lọ sílẹ̀ ju bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n dì í. Ọ̀rá ò lu níbì kankan. Okùn ọrùn wọn sì wà bó ṣe yẹ kó wà kó tó tú wọn: wọ́n lọ́ ọrùn ọ̀rá náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ba, wọ́n fi okùn yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì ki ẹnu okùn bọ abẹ́. Kókó tí ìyá wọn kọ́ wọn nìyẹn. Eku ò mọ kókó í dì. Olè tó bá sì jí nǹkan kì í dúró dì í padà.

Oníwàrà ṣí búlọ́ọ̀kù kúrò níwájú ìkẹwàá. Ó tú u. Koríko náà kún dé ẹnu, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ń ta sánsán. Ìgbà tó rí dáadáa rẹ̀ ni ẹkún tó gbọ̀n ọ́n.

Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Àwọn àgbà sọ ọ́ tán.

Àǹtí Télọ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó tẹ orí ba. Aṣọ aláwọ̀ búlúù kan wà lábẹ́ abẹ́rẹ́.

"Ẹ káàsán, Àǹtí mi."

"Káàbọ̀, àbúrò mi. Ṣé o ti ṣí i?"

"Mo ti ṣí i. Mẹ́sàn-án ti bàjẹ́."

Ẹ̀rọ náà dúró. Àǹtí Télọ̀ ò gbójú sókè.

"Kókó ìyá wa ló wà lọ́rùn gbogbo wọn," Oníwàrà ní. "Àwa méjì péré la mọ̀ ọ́n dì. Tí kì í bá ṣe ẹ̀yin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ẹni tó jẹ́ fún mi. Mo bẹ̀ yín. Ẹ parọ́ fún mi pàápàá, màá gbà á gbọ́."

"Ṣé olè lo wá pè mí nínú ilé mi ni?"

"Mi ò pè yín lólè. Mo bi yín léèrè ni."

Àǹtí Télọ̀ wá jágbe. "Kí ni mo bù? Ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ̀kúnwọ́ méjì! Tó o bá gbé wàrà jáde láràárọ̀, màá yà síbẹ̀, màá bù díẹ̀ nínú èyí, díẹ̀ nínú ìyẹn. Ẹsẹ̀ mi kọ́ la fi tẹ̀ ẹ́ ni?"

"Mo fún yín ní méjì lójúkojú!"

"Kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ? Ọmọ tí mo pọ̀n! Ọmọ tí mo fun imú fún! Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, gbogbo ẹni tó ní ẹnu ló ń sọ pé wàrà tìẹ ki, tèmi dà bí omi. Èmi tí mo kọ́ ọ níṣẹ́! Ṣé kí n tún wá nawọ́ sí ọ kí wàrà mi tó ki ni?"

Oníwàrà ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni tí ò gbédè. Ó ti bá obìnrin yìí sùn lórí ẹní kan náà fún ọdún méjìlá.

"Àǹtí mi," ó ní, "ká ní ẹ gbé odindi méjì lọ láìsọ fún mi, mo ì bá ní mẹ́jọ nílẹ̀. Ká ní ẹ gbé márùn-ún, Ìyàwó ì bá rí márùn-ún jẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí bí ẹní mowó, ẹ ṣí mẹ́sàn-án, kí n má baà mọ̀ pé ẹ bù nínú ọ̀kan."

"Mi ò fẹ́ kó hàn. Mo rò pé tí mo bá dì í padà..."

"Ìgbà wo lẹ rí i pé ó ti ń bu?"

Àǹtí Télọ̀ ń fọwọ́ ra aṣọ búlúù náà.

"Á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, koríko ṣì wà létí odò! Mo ì bá ti lọ gé e! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Ojú ń tì mí."

"Ojú ń tì yín, ẹ sì ń wá bi mí láràárọ̀ pé oyún Ìyàwó ńkọ́?"

Oníwàrà kí i pé ó dàbọ̀, torí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ó sì jáde. Olè ò dùn ún tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Èmi tí mò ń sọ ọ́ pàápàá, ìbínú rẹ̀ ò tíì tán nínú mi.

Bírikìlà dé, ó gbọ́, ó fò sókè pé òun ń lọ bá Àǹtí Télọ̀ níbẹ̀. Oníwàrà di ẹ̀wù rẹ̀ mú. Ó ní ariwo ò ní sọ koríko dọ̀tun. Bírikìlà ní ṣé wọn ò wá lè ṣa èyí tó dára lábẹ́ àgbá fún ẹran ni. Oníwàrà ní màlúù tó lóyún tó bá jẹ koríko tó bu, oyún rẹ̀ lè wálẹ̀. Wọ́n da gbogbo rẹ̀ sínú kòtò, wọ́n sì bò ó.

Àgbá kan ò lè tó màlúù méjì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Oníwàrà ń wọ̀n ọ́n lágolo lágolo. Lọ́jọ́ kẹjọ, ó ránṣẹ́ pe alápatà. Ìyá Àgbà tẹ̀ lé ọkùnrin náà láìjanpata, torí kò sẹ́ni tó fìyà jẹ ẹ́ rí tó fi máa mọ ẹni tó yẹ kó sá fún. Oníwàrà ò lè wò ó. Ó lọ dúró sínú ilé, ó fi aṣọ di etí.

Nígbà tí koríko àgbá náà tán, ewé igi ló kù tí Oníwàrà ń já fún Ìyàwó. Ẹran náà ń rù, ikùn nìkan ló ń tóbi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dùbúlẹ̀, Oníwàrà ní kó dìde, ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbìyànjú kó tó dìde.

Ọjọ́ yẹn náà ni Àǹtí Télọ̀ wá sídìí ọgbà. Ó ti pẹ́ tó ti yà kí i gbẹ̀yìn.

"Mú un wá sọ́dọ̀ mi," ó ní. "Àká mi ṣì kún. Mi ò tíì fọwọ́ kàn án."

Wò ó! Báwo ni àká rẹ̀ ò ṣe ní kún? Ti ta ni màlúù rẹ̀ jẹ ní gbogbo ìgbà yẹn? Oníwàrà mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ náà sì dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ó gbé e mì. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó bi Bírikìlà lórí fóònù, ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó ní, "Tìẹ ni ẹran, tìẹ ni ẹ̀gbọ́n. Ohun tó o bá ṣe, mo wà lẹ́yìn rẹ."

Ọjọ́ méjì ló fi jà á nínú ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó fi okùn sí Ìyàwó lọ́rùn, ó sì rọra mú un gba ojú ọ̀nà lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n sinmi lẹ́ẹ̀mejì, ilé tí kò jìnnà.

Àǹtí Télọ̀ ti gbá ibùjẹ ẹran mọ́. Ó ti pọn omi, ó ti kó koríko gbígbẹ jọ gègèrè. Bó ṣe rí wọn, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó fẹ́ dì mọ́ Oníwàrà.

"Mo mọ̀ pé o ò ní lè bínú sí mi títí," ó ní. "O ṣeun, ọmọ ìyá mi. O ṣeun tó o dárí jì mí."

Oníwàrà yẹra díẹ̀.

"Àǹtí mi," ó ní, "mi ò tíì dárí jì yín. Ebi ló ń pa màlúù mi."

Ó tú okùn lọ́rùn Ìyàwó, ó sì dúró tì í títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.