Ẹní Ọ̀fọ̀ Pisila

"Tún okùn yẹn so," ni Lesieli sọ láàárín eyín, kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára àwọn akọrin. "Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló ń wò ọ́."

"Ẹ má bínú, Àǹtí." Ṣùgbọ́n ooru ti dé. Ó ń gòkè láti àyà Pisila lọ sí ọrùn rẹ̀, òógùn sì ń ṣàn gba etí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí. Ó ti tú okùn tó fi di ẹní ọ̀fọ̀ mọ́ ìdí, ẹní gbígbó náà sì ń yọ́ bọ̀ nílẹ̀.

"Pisila, ṣé inú ààrò lo sùn mọ́jú ni?" ni obìnrin kan bèèrè lẹ́yìn. Wọ́n fi ìwé orin bo ẹ̀rín. Seini, ọmọ Pisila, bá a fa okùn náà le.

Oṣù kejì tí ọkọ Pisila kú nìyẹn. Lọ́dọ̀ wa ní Tonga, bí ẹní tí opó ń so mọ́ra lórí aṣọ bá ṣe tóbi tó, tó sì gbó tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀wọ̀ tó ní fún ẹbí ọkọ rẹ̀ ṣe tó. Ọdún kan ni yóò fi so ó. Lesieli, ẹ̀gbọ́n ọkọ, ló yan ti Pisila: èyí tó bò ó láti àyà dé kókósẹ̀ ló yàn.

Kí ọkọ náà tó kú ni wọ́n ti gé ọyàn òsì Pisila nítorí jẹjẹrẹ. Oògùn tó ń lò, kóró kan lójúmọ́, ń dí họ́mónù obìnrin lọ́nà nínú ara rẹ̀, kí àrùn náà má baà rí oúnjẹ jẹ. Òun ló ń mú ooru yẹn wá. Nọ́ọ̀sì Fipe ti sọ fún un pé: "Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí ẹ máa wọ̀ o. Ẹ máa jókòó síbi atẹ́gùn, kí omi tútù wà nítòsí. Bó bá le jù, ẹ padà wá, dókítà á wá nǹkan ṣe sí i. Àmọ́ ẹ má fúnra yín dá a dúró."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi yẹn, Seini lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú Lesieli, bó ṣe yẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ jẹ́ kí Màmá so kékeré. Oògùn wọn ló ń mú ooru bá wọn."

"Kékeré?" Lesieli nu omi àgbọn kúrò lọ́wọ́. "Ṣé ajá ló kú ni? Èyí tí mo so fún ọkọ tèmi wúwo ju èyí lọ. Ooru kì í pa ènìyàn, ọmọ."

Kò pẹ́ tí Pisila kò tú okùn mọ́. Ó ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì bí òkúta inú ibòji, ara rẹ̀ gbẹ. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín. Inú Seini ń dùn, títí di ọjọ́ tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀, tó bá páálí oògùn lábẹ́ ìrọ̀rí, odindi, ẹnì kankan kò tíì ṣí i.

"Màmá, kí lèyí?"

"Mo dá a dúró díẹ̀ ni." Pisila rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tó jí ẹran jẹ. "Ara mi ti tutù, Seini. Bí a bá ti bọ́ ẹní, màá padà sí i. Ọdún kan péré ni."

"Ṣebí Nọ́ọ̀sì Fipe ní..."

"Ṣé Nọ́ọ̀sì Fipe ló máa fún wa nílé? Orí ilẹ̀ ẹbí bàbá rẹ la wà. Bí wọ́n bá ní mi ò bọ̀wọ̀ fún òkú wọn, ibo ni màá gbé ọ gbà?"

Seini ń sunkún. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Lesieli ń kọjá lẹ́bàá fèrèsé.

Lọ́jọ́ tí ọdún náà pé, tí wọ́n bọ́ ẹní náà, wọ́n sun ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n kọrin. Pisila gbé apá sókè kí wọ́n lè tú okùn, ó sì kígbe. Kókó kan ti wà lábíyá rẹ̀, ó tó ẹyin adìyẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣí páálí, ó gbé kóró oògùn kan mì bó ṣe ṣèlérí.

Ẹní àtàtà ni wọ́n fi wé e nígbà tó kú. Lesieli ló mú èyí tó dára jù lọ wá, ẹkún tòótọ́ ló sì ń sun. "Ìyàwó bíi tirẹ̀ ṣọ̀wọ́n," ó ń sọ fún àwọn àlejò. "Ó so ẹní ọ̀fọ̀ àbúrò mi délẹ̀."

Lẹ́yìn náà ó wọ yàrá, ó gbé ẹní gbígbó yẹn jáde, ó sì tẹ́ ẹ lé Seini lápá.

"Ó yá, ọmọ mi. Ó kàn ọ́."

Inú ẹní náà dúdú níbi tí òógùn ìyá rẹ̀ ti gbẹ sí. Seini so ó mọ́ ìdí, ó sì fa okùn náà le.