Ẹni Tí Òde Kọ̀, Tí Ilé Náà Kọ̀

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi, Verden, gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìtàn, yunifásítì kan ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ránṣẹ́ pè é torí iṣẹ́ olùkọ́. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé wọn ò fi bẹ́ẹ̀ béèrè nípa iṣẹ́ òun. Ohun tí ọ̀gá wọn fẹ́ mọ̀ ni bóyá ọmọ ìjọ Mọ́mọ́nì ni, àti bóyá ó fara mọ́ òfin ìjọ wa tí kì í jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú joyè àlùfáà. Verden ní òun ò fara mọ́ ọn. Ọ̀gá náà ní kó kúkú kọ ìjọ náà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìjọ tó sin bàbá òun, òun ò ní torí oúnjẹ jù ú nù. Ẹlòmíì ni wọ́n gbà.

Ó padà wá sílé ní Yútà, ó ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan tó jẹ́ ti ìjọ. Lọ́dún 1971, akẹ́kọ̀ọ́ kan bi í bóyá láti ìbẹ̀rẹ̀ ni òfin yẹn ti wà. Verden ní rárá, pé láyé àwọn tó dá ìjọ sílẹ̀, aláwọ̀ dúdú joyè àlùfáà. Àwọn tó dé lẹ́yìn ló ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Bíṣọ́ọ̀bù Garn, olórí ìjọ àdúgbò wa, tó máa ń bá wa kórè koríko màlúù lóko. Bí Garn kò bá fọwọ́ sí ìwé pé ìgbàgbọ́ èèyàn dúró, kò síṣẹ́ fún onítọ̀hún ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò sì lè wọ tẹ́ńpìlì, ilé mímọ́ tí a ti ń ṣègbéyàwó.

“Verden, ṣé o gbà pé àwọn àgbà wa ń gbọ́ ohùn Ọlọ́run?”

“Mo gbà, Bíṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ èèyàn ni wọ́n, wọ́n lè ṣì í gbọ́.”

Garn mí kanlẹ̀. “Ṣáà sọ pé o ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Jẹ́ n fọwọ́ sí i, ká máa lọ sílé wa.”

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. “Mi ò lè torí àtiwọ ilé Ọlọ́run parọ́, sà.”

Bó ṣe kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa tòlótòló ló gbà á, inú omi tútù ló ń ki ọwọ́ bọ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí Jolene, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ṣègbéyàwó nínú tẹ́ńpìlì, èmi àti Marva ìyàwó rẹ̀ wọlé. Verden dá jókòó sórí koríko níta, ó wọ kóòtù, ó ń wo ilẹ̀kùn. Nígbà tí ọmọ náà jáde, ó dì mọ́ bàbá rẹ̀.

Lọ́dún 1978, àwọn àgbà ìjọ kéde pé Ọlọ́run ti mú òfin náà kúrò. Garn wá sílé wọn, inú rẹ̀ dùn, ó ní Verden lè padà sí tẹ́ńpìlì báyìí.

Verden bi í pé, “Ṣebí ohun tí mo sọ nìyí?”

“Òun ni,” ni Garn wí. “Àmọ́ o sọ ọ́ kí àkókò rẹ̀ tó tó.”

Verden bi í nípa iṣẹ́ rẹ̀. Garn ní wọ́n ti fi ẹlòmíì sípò náà tipẹ́. Marva gbé omi lẹ́mọ́ọ̀nù wá, wọ́n mu ún, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò díẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ̀gbọ́n mi padà sídìí tòlótòló.